Bí Oníbàárà Bá Padà Wá Pé Ọwọ́ Ń Yún Òun
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọjà, Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú

   

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èékánná tí à ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní fíìsì nélì. Pàápàá jù lọ, kí ló yẹ ká ṣe bí oníbàárà bá padà wá pé ọwọ́ òun ń yún, pé awọ òun ń bó, pé ojú òun wú? Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ń rò ó nínú báyìí pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Iṣu ni mo ń tà." Ẹ ní sùúrù. Ọmọ yín ló ń kọ́ iṣẹ́ náà, tàbí kẹ̀, ọwọ́ tiyín gan-an ni ẹ máa gbé fún wọn nígbà tí ọdún iṣu bá dé, tí àwọn ará Àbújá àti ará Èkó bá wọlé. Ìjà tó bá sì ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ kan, orúkọ gbogbo ọjà ló ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjà yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á dé, á na ọwọ́ síta. Etí èékánná ti pọ́n, ó ti sú, ó ń yún un. Á ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi nélì, kò ṣe mí rí. Ayédèrú lo lò fún mi!" Ẹni tó ṣe é fún un á dá a lóhùn pé, "Èèyàn mẹ́wàá ni mo fi ìgò kan náà ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, ìwọ nìkan ló ń yún. Ara rẹ ni kò dáa." Ó parí nìyẹn. Àwọn èrò á pé jọ, ẹnìkan á ní kì í ṣe ojú lásán, ẹlòmíì á ní ta ló rán an wá ba ọjà jẹ́.

Ẹ gbọ́ o, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọdún mẹ́ta kò ṣe é lóòótọ́. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò yún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Bí a bá mọ ìdí rẹ̀, ìdajì ìjà ti tán.

Ákírílíkì olómi àti páúdà rẹ̀, jẹ́ẹ̀lì tí à ń ki bọ abẹ́ iná, gúlù tí à ń fi lẹ èyí tó ti le tẹ́lẹ̀, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ wà ní tútù, lẹ́yìn náà wọn á le. Èyí tó bá le dáadáa kì í sábà yọ ara lẹ́nu. Ìgbà tó ṣì tútù ló léwu, torí pé ó lè gba inú awọ wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ara kì í sọ nǹkan kan. Ara kàn ń dá a mọ̀ ni. Ó lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó lè wọlé lógún ìgbà, kí ara tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọjọ́ tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́ náà nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bíńtín tó bá kàn án ti tó láti jẹ́ kó sú, kì í sì í sábà lọ mọ́ títí ayé. Ẹ mọ àwọn tí wọ́n ti ń jẹ edé láti kékeré, tó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n jẹ ẹ́ tán tí ètè wọn wú. Irú ẹ̀ ni. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kò sì túmọ̀ sí pé ara onítọ̀hún dọ̀tí.

Nítorí náà, ọdún mẹ́ta tí kò ṣe nǹkan kan kò sọ pé ìgò ọ̀tọ̀ lẹ lò lónìí. Àwọn mẹ́sàn-án tí kò yún kò sì sọ pé irọ́ ni ẹni kẹwàá ń pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún oníbàárà mọ́ láé pé ara rẹ̀ ni kò dáa. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wa nídìí iṣẹ́ yìí, òun ni mo kórìíra jù.

Nǹkan kan tún wà tó ń dà wá láàmú. Yíyún náà lè má sí ní ọwọ́ rárá. Ìpéǹpéjú ló lè wú, tàbí ọrùn, tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Awọ ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́ ju ti ìka lọ, ọwọ́ sì ni èèyàn fi ń nu ojú, òun ló fi ń fọwọ́ tọ́rọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tó ṣì tútù létí èékánná á sì kan ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àtíkè, kíríìmù àti tìróò, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá bá jà. Bí oníbàárà bá gbé ojú tó wú wá sí ìsọ̀ yín, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fèsì. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló fi nélì.

Ẹ má rò pé Ògìdì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà, Frederick Slack, ni wọ́n sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ákírílíkì orí èékánná ní 1954, nígbà tí èékánná òun fúnra rẹ̀ kán tó fi ohun èlò eyín tún un ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eyín yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mú ẹ̀sùn wá sọ́dọ̀ FDA, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe níhìn-ín: èékánná wọn ń bàjẹ́, awọ wọn ń sú. Omi kan tí wọ́n ń pè ní methyl methacrylate, MMA ní ṣókí, ló wà nídìí ẹ̀. FDA gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọjà náà, àwọn kan sì fúnra wọn kó o kúrò lórí àtẹ. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀sùn oníbàárà ló lé omi burúkú yẹn kúrò lọ́jà. Ká ní àwọn tó ń ṣe nélì nígbà náà ti lé gbogbo wọn padà pẹ̀lú èébú, ta ni ì bá mọ̀?

Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní ìlú Ọba, British Association of Dermatologists, kéde ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ti yẹ àwọn aláìsàn awọ wò ní ilé ìwòsàn 13 ní Britain àti Ireland, nínú 1,000 tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi 24 ni ara wọn ti kọ ohun èlò ìdílé yìí. Àwọn tó ti ní wàhálà awọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò o, kì í ṣe gbogbo ará ìlú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó yá, ọ̀rọ̀ eyín. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe nélì nìkan ló pàdánù. Ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín kó funfun, ohun tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, símẹ́ńtì tí dókítà fi ń de irin mọ́ egungun ìbàdí tàbí orúnkún, gúlù tó wà lára àwọn ẹ̀rọ kan tí alátọ̀gbẹ ń lẹ̀ mọ́ apá, ìdílé yìí náà ni. Ọmọbìnrin ogún ọdún tó fi nélì fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè di ìyá àgbà kó tó mọ ohun tó ná an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Nísinsìnyí, oníbàárà ti dé. Kí lẹ ó ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ìjókòó, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe láàárín èrò. Ẹ sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ẹ ò tíì gba ẹ̀bi, ẹ ò sì tíì kọ̀ ọ́. Ẹ wò ó ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè: Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé lójú ẹsẹ̀ tí a ṣe é ni, àbí lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì? Èyí tó ta á lójú ẹsẹ̀, iná tó jó o, fáìlì tó gé e tàbí omi tí a kọ́kọ́ fi pa èékánná ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ní sùúrù ọjọ́ kan sí méjì kó tó yún, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ara ti kọ̀ ọ́ ni.

Ẹ tún béèrè pé kí ló fi ọwọ́ yẹn ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ìlú kajú la wà o. Epo tó wà nínú èèpo kajú máa ń jó awọ, ó máa ń lé ìléròrò, ara àwọn kan sì máa ń kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹni tó ń fọ́ kajú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè dá nélì nìkan lẹ́bi. Ẹni tó wà nídìí aró àti àdìrẹ náà ń ki ọwọ́ bọ inú sódà. Ọṣẹ ìfọṣọ, oògùn tí wọ́n ń fín sí oko, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má fi ìbéèrè náà sá ẹ̀bi o. Ẹ fẹ́ mọ òtítọ́ ni. Bó bá jẹ́ etí èékánná nìkan ló sú, tí àtẹ́lẹwọ́ mọ́ kedere, kajú kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ nélì náà kúrò. Ẹ má ní kó jẹ́ kó gbó díẹ̀, ẹ má sì ṣe òmíràn lé e láti bo ojú rẹ̀. Ẹ má sì fipá tú u, èékánná ara rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ rọra fi fáìlì fá òkè rẹ̀, ẹ rẹ òwú sínú asitóònù, ẹ fi fóìlì dì í fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, yóò rọ̀. Asitóònù náà ń ta awọ tó ti bó, nítorí náà, ẹ fi Vaseline lásán pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí awọ náà bá ti là tàbí tó ń ṣe omi, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn yíyọ, omi àti ọṣẹ tí kò ní òórùn, kẹ́ ẹ sì fi òrí pa á. Ó tán. Kò sí ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí iyọ̀, kò sí kẹrosíìnì. Kò sì sí kíríìmù tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, èyí tí àwọn kan fi ń bóra. Mo mọ̀ pé ó wà lórí àtẹ àwọn kan nínú yín, ẹ má bínú sí mi. Ó lè dá yíyún dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí dókítà rí ohun tó ń ṣe é, ó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́.

Àwọn kan ò gbọ́dọ̀ jókòó lọ́dọ̀ yín rárá. Ẹni tí ètè tàbí ojú rẹ̀ ń wú lójú yín, tí èémí ń há a. Ẹni tí ìka rẹ̀ ń ṣe ọyún, tí ibà ń ṣe é, tí pípọ́n náà ń gun apá lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ọgbẹ́ kankan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ọ̀kadà fún un, ilé ìwòsàn ló yá. Bí ti ìlú wa ò bá lè ṣe é, kó lọ Kàbà, tàbí kó dé Lọ́kọ́ja. Dókítà awọ ara mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ oríṣiríṣi ohun èlò díẹ̀díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èèyàn fún ọjọ́ méjì láti mọ èyí tí ara kọ̀. Kó mú orúkọ ohun tí ẹ lò dání lọ, àní ẹ jẹ́ kó fi fóònù ya àwòrán ìgò náà. Ẹ sì sọ fún un pé ìgbàkígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kó sọ ọ́.

Èékánná tó di àwọ̀ ewé ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe pé ara kọ nǹkan. Omi ló há sábẹ́ nélì tó ti ń ṣí, kòkòrò àìfojúrí sì wọbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má bò ó.

Ọ̀rọ̀ owó. Èmi ò ní bo èrò mi. Mo rò pé yíyọ rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, owó iṣẹ́ sì ni kẹ́ ẹ dá padà, ó kéré tán ìdajì. Àwọn kan á ní mo ń ba ọjà jẹ́, pé gbogbo ayé á máa wá sọ pé ó ń yún àwọn. Èmi ò tíì rí ẹni tó mú kí ìpéǹpéjú òun wú torí owó nélì. Bí ó bá jẹ́ fáìlì yín ló gé e, tàbí iná yín ló jó o, ẹ̀bi yín nìyẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ẹ má ṣèlérí owó ilé ìwòsàn láàárín èrò. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, kí ẹni méjì mìíràn jókòó sí i. Ẹ rántí pé òfin wà. Òfin àpapọ̀ tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ti 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn. Bí ọjà náà bá sì jẹ́ èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ọ̀rọ̀ lè yí padà di ti ẹni tó tà á. Nítorí náà, ẹ má da ìgò náà nù láti fi bo àṣírí. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Òun ni yóò gbà yín bó bá jẹ́ pé ẹni tó tà á fún yín ló pò ó.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń tà á. Omi tí wọ́n dà sínú ike láti Èkó tàbí Ọ̀nìṣà, tí kò ní orúkọ, kí ni ẹ ó sọ fún dókítà pé ó jẹ́? MMA tí wọ́n lé lọ ní Amẹ́ríkà ọjọ́sí, ó pọ́kú, òun ló sì ń fà á tó fi ń rìn kiri. Èyí tí òórùn rẹ̀ ń gún imú, tó le bí òkúta lábẹ́ fáìlì, tí asitóònù ò sì lè rọ̀, ẹ fura sí i. Lára jẹ́ẹ̀lì, ẹ wo bóyá wọ́n kọ HEMA. Òun wà lára àwọn tó ń mú ara sú jù; láti 2021, ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ara ìgò pé oníṣẹ́ nìkan ló wà fún. Ẹ má tà á fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ dá ṣe é nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, iṣẹ́ ńlá yín kò ju ọ̀kan lọ: kí tútù má kan awọ. Ẹ fi àlàfo bíńtín sílẹ̀ láàárín jẹ́ẹ̀lì àti ẹran ara. Èyí tó bá kàn án, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gé awọ ìdí èékánná, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ń ṣí fún un. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iná tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ẹ̀lì náà sọ ni kẹ́ ẹ lò, kó sì pé ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ. Ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí: NEPA mú iná lọ lágbedeméjì, a ní "ó ti tó, ó ti gbẹ", àbí a gbé iná kékeré oníbátìrì tó ti ń kú lọ sí i. Òkè rẹ̀ le, inú rẹ̀ ṣì tútù. Oníbàárà gbé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí iná bá lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kẹ́ ẹ nù ún kúrò. Gúlù ńkọ́? Bí ó bá dà sí aṣọ òwú, ó ń gbóná débi tó lè jó ẹran ara. Ẹ má fi òwú nù ún, omi ni kẹ́ ẹ dà sí i.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló kù. Oníbàárà ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀yin ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà funfun fẹ́lẹ́ yẹn kò dá a dúró, ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń gbà á kọjá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní nitrile, aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ta sí i. Ẹ wọ ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń fá a, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ọmọ bá ní ìka òun ń là, ẹ má ní ọ̀lẹ ni. Ẹ gbé e kúrò nídìí nélì sí ìdí irun dídì kí ó tó pàdánù iṣẹ́ pátápátá.

Ẹnìkan ti bi mí níta nípa laálì. Laálì ewé kì í sábà ṣe nǹkan. Èyí tí wọ́n fi dáì irun pò kó lè dúdú kíákíá, ìyẹn lè lé ìléròrò, kó sì fi àpá sílẹ̀. Bákan náà ni ẹ ó ṣe gbà á: ìjókòó, ìbéèrè, ìgò.

Lákòótán, ẹ ní ìwé kan. Ìwé olójú-ewé 40 ti tó. Ọjọ́, orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, ohun tí ẹ lò àti nọ́ńbà ara ìgò, àti àyè kan fún ohun tó bá padà wá sọ. Bí mẹ́ta bá padà wá lórí ìgò kan náà, ìwé ló máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Tèmi wà ní ìsọ̀ mi, ní ìlà àwọn onírun. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí mo ṣe fa ìlà rẹ̀, kó yà lọ́jọ́ ọjà, kó mú ìwé àti bírò ti ẹ̀ dání.